Télọ̀ tí ó ń rán ọkọ̀: Magnus Walker àti Porsche rẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ olówó ńlá ṣe rí náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló rí owó rà á, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ọkọ̀ náà bá lára mu. Ọ̀kan nínú wọn ni Magnus Walker, ọkùnrin onírun dídì àti irùngbọ̀n gígùn tí ó ń gbé ní Los Angeles. Bí ènìyàn bá pàdé rẹ̀ lójú pópó, kò ní rò pé ó ní Porsche kan, áńbọ̀sì ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń rọ irin láti ayébáyé, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1967. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 10, bàbá rẹ̀ mú un lọ síbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Earls Court, Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni ó ti rí Porsche Turbo funfun kan tí wọ́n fa ilà pupa àti ilà búlúù sí lára. Ojú ọmọ náà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó mú kálámù, ó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ Porsche ní Jámánì pé òun fẹ́ máa bá wọn ya àwòrán ọkọ̀. Wọ́n fèsì. Wọ́n ní kí ó padà kàn sí wọn nígbà tí ó bá dàgbà. Èsì náà kò fún un níṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í tètè gbàgbé àgbà tí ó dá a lóhùn.

Ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 15. Ní 1986, ó rékọjá sí Amẹ́ríkà láti lọ ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìsinmi àwọn ọmọdé, lẹ́yìn náà ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Los Angeles. Òkìríkà ni ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó ń ra ṣòkòtò jíìnsì àlòkù, ó ń tún wọn ṣe lọ́nà tí ó wù ú, ó sì ń tà wọ́n létí òkun Venice. Láti inú òwò kékeré yìí ni òun àti Karen, ìyàwó rẹ̀, ti dá ilé-iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n pè ní Serious sílẹ̀, tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì sì ń wọ aṣọ wọn.

Ọdún 15 lẹ́yìn Earls Court, ìyẹn ní 1992, ó ra Porsche 911 àkọ́kọ́ rẹ̀. Kì í ṣe tuntun. Ọkọ̀ ọdún 1974 ni, ọjà ọkọ̀ àlòkù ní Pomona ni ó sì ti rà á ní dọ́là 7,500. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ olówó kò ka 911 àtijọ́ sí ohun iyebíye. Ohun tí àwọn mìíràn ń wò bí ògbólógbòó ni Walker ń wò bí aṣọ tí kò tíì rí télọ̀ tirẹ̀.

Kí ni ó wà lára ọkọ̀ yìí? Ọdún 1963 ni Porsche kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀ ní Frankfurt. 901 ni wọ́n sọ ọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n Peugeot ilẹ̀ Faransé ní òun ni òun ni nọ́ńbà tí òdo bá wà láàárín, bẹ́ẹ̀ ni 901 ṣe di 911. Ìbátan ìjàpá ni, ìyẹn Volkswagen tí àwọn òbí wa gùn, tí wọ́n sì ń tò ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, nígbà kan. Ferdinand Porsche ni ó ya ìjàpá. Ferdinand Alexander, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni ó ya 911. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì wà. Títí di òpin ọ̀rúndún tó kọjá, 911 kò ní rédíétọ̀ omi, gẹ́gẹ́ bí ìjàpá náà kò ṣe ní. Atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nítorí pé ẹrù wúwo lẹ́yìn, awakọ̀ tí ó bá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná níbi kọ́nà lè rí i tí ìdí ọkọ̀ fẹ́ ṣíwájú orí. Ọkọ̀ tí ó ń béèrè pé kí olówó rẹ̀ mọ òun ni.

Walker kò kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ojú tí ó fi ń wo aṣọ ni ó fi ń wo ọkọ̀. Lára àwọn ọkọ̀ rẹ̀, ó lu ihò sí ọwọ́ ilẹ̀kùn kí ó lè fúyẹ́ bíi ti ọkọ̀ ìje. Ó gé ojú afẹ́fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ó yọ iná tírafíkétọ̀ kúrò ní ìrísí tí ilé-iṣẹ́ ṣe é. Ó sì ń pa ọ̀dà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ bí ẹni ń yan ankárá. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ọkọ̀ ọdún 1971 rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 277, aláwọ̀ funfun, pupa àti búlúù. Ó jọ pé awọ̀ Earls Court kò kúrò lójú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí irú iṣẹ́ báyìí. Àwọn kan gbà pé ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà bí ó ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́: ọ̀dà rẹ̀, ìjókòó rẹ̀, títí dé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, nítorí ihò tí a bá ti lu kò ṣeé dí pa, ìtàn sì jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ọkọ̀, ẹni tí ó ṣe é ni àbí ẹni tí ó rà á? Deadmau5, olórin ọmọ Kánádà, wé Ferrari 458 rẹ̀ ní àwòrán ológbò aláwọ̀ òṣùmàrè, ó fi àmì ológbò rọ́pò àmì ẹṣin, ó sì pè é ní Purrari. Nígbà tí ó fẹ́ tà á, lẹ́tà agbẹjọ́rò Ferrari ni ó kàn án lára, àmì náà sì di yíyọ. Owó rẹ̀ ni ó fi rà á, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ti Walker yàtọ̀. Ní 2012, Tamir Moscovici ṣe fíìmù kékeré kan nípa rẹ̀, Urban Outlaw, tí ó tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ Porsche kò bínú. Wọ́n gbà á lálejò. Ọmọ tí wọ́n ní kí ó padà wá nígbà tí ó bá dàgbà ti dàgbà, ó sì ti padà wá, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà.

Ní 2015, Karen kú. Òun ni wọ́n jọ rán aṣọ, òun ni wọ́n jọ sọ ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan di ilé àti ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ kò lè dípò ènìyàn, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ tàn tó. Síbẹ̀, Walker kò ta 277, kò sì gbé e sínú gíláàsì. Ó ń wà á. Ojú ọ̀nà Angeles Crest, tí ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ gba orí òkè lókè Los Angeles, kì í jẹ́ kí awakọ̀ ronú lọ jìnnà. Ọwọ́ ní láti wà lórí sítíárìn, etí ní láti gbọ́ igbe ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ ní láti mọ ìgbà tí yóò tẹ̀ àti ìgbà tí yóò dẹ̀.

Lónìí, ẹni tí ó bá lówó lè ní kí Porsche kun ọkọ̀ tuntun ní àwọ̀ tí ó bá wù ú, kí wọ́n sì rán ìjókòó rẹ̀ ní òwú tí ó bá yàn. Kò burú, gbogbo wa la mọ adùn aṣọ tuntun. Ṣùgbọ́n yíyàn yàtọ̀ sí ṣíṣe. Aṣọ tí a fi ọwọ́ ara ẹni tún rán ní ìrántí nínú: abẹ́rẹ́ tí ó gún ni níka, ẹni tí ó di ẹ̀gbẹ́ kejì mú nígbà tí a ń gé e. Ìrántí yẹn ni kò ṣeé fi owó rà ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà sì ni ẹni tí ó bá jogún ọkọ̀ náà lọ́la kò ní bá nínú rẹ̀.