Èwo Ni Kí N Gbà Nínú Ẹ̀rọ Ìkàwé Wọ̀nyí?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe wáàsí rárá. Ọ̀rọ̀ ọjà rírà ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi.

Ládàánì ni mí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní ilé-ìwé. Ìyókù, ọ̀dọ̀ àfáà mi ni mo ti gbà á. Mo ti lé lógójì ọdún dáadáa, ojú sì ti ń sọ fún mi pé àgbà ń dé. Lẹ́tà tí mo máa ń kà tẹ́lẹ̀ láìṣe wàhálà, mo ní láti nà án jìnnà sí ara kí n tó mọ ohun tí ó jẹ́.

Nígbà tí àfáà tí ó kọ́ mi kú, kí Ọlọ́run forí jì í, ó fi tírà Jàláléènì kan sílẹ̀ fún mi, èyí tí a fi ń túmọ̀ Àlùkùránì. Àlàyé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kún etí gbogbo ojúewé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú wa tí ó mọ ẹ̀rọ lò ya fọ́tò rẹ̀ lójúewé kọ̀ọ̀kan, ó sì dì wọ́n pọ̀ sí irú èyí tí wọ́n ń pè ní PDF. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òjò gba ojú páànù wọlé, tí ó ba tírà náà jẹ́ pátápátá. Ẹ ò rí i pé inú ẹ̀rọ nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ àfáà kù sí.

Orí fóònù ni mo ti ń kà á. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ta mí lójú, bátìrì rẹ̀ kì í sì í bá mi dé alẹ́. Nígbà tí àbúrò mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀rọ ìkàwé ni mo máa rà fún yín. Ẹ ṣáà sọ èyí tí ẹ fẹ́, Kindle ni àbí Kobo?" Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan náà di oṣù méjì.

Ẹ̀rọ ìkàwé kò dà bí fóònù o. Àwọn hóró wínníwínní tí ojú kò lè rí ni ó wà lábẹ́ ojú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú dúdú àti funfun sì wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Iná mànàmáná a ti dúdú sókè níbi tí lẹ́tà yóò wà, a sì ti funfun sókè níbi tí àyè yóò wà. Bí wọ́n bá ti tò tán, wọn kì í jẹ iná mọ́ títí ẹ ó fi ṣí ojúewé mìíràn. Ìdí nìyẹn tí bátìrì rẹ̀ fi lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹ sì lè kà á nínú oòrùn gan-an bí ìwé. Ẹni tí ó bá ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe bí àlejò mọ iyì èyí.

Kindle jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Amazon ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2007 ni ó jáde, ní 399 dọ́là, gbogbo èyí tí wọ́n kó wá sì tán láàrin wákàtí márùn-ún àbọ̀. Kobo jáde láti Kánádà ní 2010, Rakuten ti Jàpáànù sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2012. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀ nílé, ìyá àwọn ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí ni a tún ń fi kọ́bọ̀ rà láyé ìsinsìnyí. Mo ní kì í ṣe kọ́bọ̀ tiwa. Lẹ́tà mẹ́rin tí Òyìnbó fi ń kọ "book" ni wọ́n tún tò.

Ìsọ̀ Kindle tóbi púpọ̀, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ bá rà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Ní oṣù Júláì 2009, àwọn kan wá ìwé George Orwell méjì tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ nínú Kindle wọn, wọn kò rí i mọ́. Ẹni tí ó kó ìwé náà sórí ìsọ̀ kò ní àṣẹ láti tà á, Amazon sì yọ ọ́ padà. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá wọn, Jeff Bezos, sì tọrọ àforíjì. Ní 26 Fẹ́búárì 2025, wọ́n fòpin sí ọ̀nà tí ènìyàn fi ń gba ìwé tí ó rà sórí kọ̀ǹpútà kí ó lè fi wáyà gbé e sínú ẹ̀rọ. Kobo náà ń ti púpọ̀ nínú ìwé tí ó ń tà ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n irú ìwé tí wọ́n ń pè ní EPUB, tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń kó ìwé Yorùbá ránṣẹ́ sí mi, Kobo ń ṣí i tààrà. Ti Kindle kì í ṣí i tààrà, ṣùgbọ́n ẹ lè fi í ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ Amazon kí wọ́n bá yín yí i padà.

Ọpọlọ mi ti ń lọ sọ́dọ̀ Kobo nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní ẹ̀rọ ìkàwé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kékeré, ínǹṣì mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ó là mí lójú. Mo kọ́kọ́ ṣí ìwé Yorùbá kan. Ibi tí ó yẹ kí àmì ohùn wà lórí lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́, àpótí òfìfo ni mo rí. Ọmọkùnrin kan bá mi fi irú lẹ́tà mìíràn sínú rẹ̀, ó sì tọ́. Kindle àti Kobo ni a lè ṣe èyí fún. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí tírà àfáà. Yéè! Nítorí pé fọ́tò ni ojúewé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kò lè mú lẹ́tà nìkan tóbi kí ó sì tún ìlà tò. Àlàyé etí rẹ̀ dà bí èèrà tí ń lọ. Mo fẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ọ̀gà. Kí n tó fà á dé òpin ìlà lápá òsì, mo ti gbàgbé ohun tí mo kà lápá ọ̀tún.

Oṣù méjì ni mo fi ń bi ara mi ní ìbéèrè tí kì í ṣe èyí tí ó yẹ. Bí ó ṣe tóbi tó ni ó yẹ kí n bi, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ńlá: Kobo Elipsa ti 2021 jẹ́ ínǹṣì 10.3, Kindle Scribe ti 2022 jẹ́ 10.2. Ṣùgbọ́n owó ńlá ju ìlọ́po méjì kékeré lọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì lásán ni ó ń kà, kí ó ra kékeré tí owó rẹ̀ bá dínkù, kí ó má da ara rẹ̀ láàmú bíi tèmi.

Mo ní n ó fi owó tèmi kún ti àbúrò mi. Ìyá àwọn ọmọ mi gbé abọ́ kalẹ̀, ó wò mí. "Bàbá ọmọ mi, páànù tí ó ń jò ni ó ba tírà jẹ́. Ẹ̀rọ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ò tún páànù ṣe?"

N kò rí ohun tí mo lè fọ̀. Páànù ni mo kọ́kọ́ tún ṣe, oṣù mẹ́rin sì kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo sọ òtítọ́ fún àbúrò mi pé kékeré kò ní ṣe mí láǹfààní, ó sì bá mi rí Elipsa àlòkù kan lọ́wọ́ ẹni tí kò lò ó mọ́. Mo san ìyókù lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ó dé. Mo ṣí tírà náà lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Ní etí ojúewé kan, mo rí ìlà kan tí n kò rí lórí fóònù rí. Yorùbá ni, lẹ́tà kéwú ni àfáà fi kọ ọ́. Ó dárúkọ mi, ó ní mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí, mo sunkún, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n nígbẹ̀yìn.

N kò rántí ẹkún náà mọ́. Mo pe ìyá àwọn ọmọ mi kí ó wá wò ó.