Tètèrègún Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà

Bí ènìyàn bá ti Ìbàdàn gba Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi Ọlúmìrìn tó ń já bọ́ láti orí àpáta ni ó sábà máa ń fẹ́ lọ wò. Èmi kò dé ìdí omi náà nínú oṣù Kẹfà yìí. Tètèrègún ni mo wá wò, ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà, níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà lábẹ́ igi kòkó.

Ewéko náà ga jù mí lọ. Síbẹ̀, kì í ṣe igi: ọ̀pá rẹ̀ rọ̀, ó kún fún omi, ewé sì pòòyì yí i ká bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ní yunifásítì, inú ọfọ̀ àti ẹsẹ Ifá ni mo ti ń bá orúkọ rẹ̀ pàdé. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi bí a ṣe ń gbìn ín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kùnà. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, nínú ọyẹ́, mo gbìn ín sí ojú oòrùn ní Ìbàdàn kí àlejò lè máa rí i láti ẹnu géètì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi gbẹ. Mo fà á tu, mo sọ ọ́ nù. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ní sọ fún ọ pé ó ti kú? Òkè ló gbẹ. Ìdí rẹ̀ ń sùn ni.”

Ìbátan ata ilẹ̀ ni tètèrègún. Inú gbòǹgbò rẹ̀ tó nípọn, tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ibòji àti ilẹ̀ tútù ló ń fẹ́. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ni à ń pín in: a ó fi ọ̀bẹ mímú gé gbòǹgbò tó ní ojú, a ó bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, a ó sì da ewé gbígbẹ sí ìdí rẹ̀. Ọ̀pá tó bá darúgbó, kí á gé e kí tuntun lè ráyè. Omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́ ni Ìyá Àgbà ń dà sí tiwọn.

Lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ọmọ wọn yóò mú wọn lọ sí Èkó nítorí ojú wọn tó ń ṣókùnkùn. Títì ni ilé náà yóò wà. Ìyá Àgbà kò bá mi sọ ọ́; wọ́n kàn ń fọwọ́ wá ìdí ewéko náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń júwe èyí tí ìyá wọn gbìn. Wọ́n ní kí n gé mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan èyí tó wà lẹ́bàá ògiri. N kò bi wọ́n léèrè.

Mo fi aṣọ tútù di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbé wọn lé itan títí dé Ìbàdàn. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ni wọ́n wà báyìí, nítòsí ibi tí Bàbá onílé kó íńtálọ́ọ̀kì jọ sí láti fi tẹ́ àgbàlá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ibẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò rò ó. Ẹ̀hù àkọ́kọ́ yọ ní àárọ̀ Ọjọ́rú.