Odò Kékeré Tó Ń Sọ̀ Kalẹ̀ Lọ Bá Ọ̀pàrà

Bí a bá dárúkọ ilẹ̀ Ṣábẹ, òkè ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Wọn kò jẹ̀bi. Àwọn òkè olókùúta wọ̀nyẹn ni àlejò ń rí láti ọ̀nà jíjìn, àwọn náà ni àwọn baba wa sá gùn nígbà tí ogun Dáhòmì ń jà káàkiri. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà wà láàárín odò méjì. Ní ìwọ̀ oòrùn ni Wẹ̀mẹ̀ wà, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ouémé, tí ó gùn tó nǹkan bí 510 kìlómítà láti ìhà òkè títí ó fi dé adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ní ìlà oòrùn ni Ọ̀pàrà wà, tí wọ́n ń kọ ní Okpara, tí ó ṣe ààlà àwa àti Nàìjíríà fún ọ̀nà tó jìn díẹ̀, kí ó tó yà lọ pàdé Wẹ̀mẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Àwọn ará Kétu, tí omi wọ́n lórí ilẹ̀ gíga tiwọn, mọ iyì ohun tí Ṣábẹ ní yìí ju àwọn ọmọ Ṣábẹ fúnra wọn lọ.

Àwọn odò kéékèèké kan tún wà tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan. Láti oṣù kìíní títí òjò yóò fi dé, ojú ọ̀nà yanrìn lásán ni wọ́n, àfi ibú díẹ̀ tí ó dá dúró níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, wọ́n á kún, wọ́n á gba inú oko kọjá. Àsìkò tí ènìyàn lè fi ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú wọn pẹ̀lú ìrọ̀rùn kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí ìkún omi ti fà sẹ́yìn tí odò kò sì tíì gbẹ. Omi á ti tòrò nígbà náà. Ẹja tó ti jẹun yó nínú koríko oko á máa padà sínú odò, ọkọ̀ á sì máa lọ fúnra rẹ̀.

Bàbá kan wà ní abúlé kan ní ìhà Ọ̀pàrà tí kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí kọjá lásán. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ láti ara ìrókò kan tí ìjì wó, ọkọ̀ náà sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn méjì ti kún un. Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ṣú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì le. Ó mú ọmọ ọmọ rẹ̀ dání, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń kàwé ní líìsì ní ìlú, tó wá lo ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fún wọn lẹ́yìn ọdún Àwọn Ẹni Mímọ́. Òwú ni bàbá ọmọ náà ń gbìn, bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń ràn án lọ́wọ́ lóko.

Bàbá àgbà jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀. Kò fi wa ọkọ̀. Ó fi ń tọ́ ọ ni. “Omi ló ń gbé wa lọ,” ó wí, “kí la fẹ́ bá a dù?” Ó kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń wo ojú omi. Níbi tí ìfófòó bá ti ń yí po lójú kan, ibú ni. Níbi tí omi bá ti ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òkúta wà lábẹ́, ibẹ̀ kò jìn. Níbi tí gbòǹgbò igi ti yọ sétí odò, tí òjìji sì bo omi, ibẹ̀ ni àrọ̀ ń sùn ní ọ̀sán. Kì í ṣe orí ẹja gan-an ni a ń ju ìwọ̀ sí. Òkè rẹ̀ díẹ̀ ni, kí omi fúnra rẹ̀ gbé ekòló lọ bá a bí ohun tó já bọ́ láti etí odò. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ara igi, nítorí gbogbo ara ni ẹja fi ń gbọ́ràn.

Kí oòrùn tó ga, ọmọ náà ti pa ẹpìyà mẹ́ta àti àrọ̀ kan tó tó apá rẹ̀. Ó fa òjìjí kan jáde náà, ó sáré fọwọ́ kàn án kí bàbá tó lè kìlọ̀, apá rẹ̀ sì kú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Wọ́n yẹ àwọn ìgèrè tó ti dẹ sílẹ̀ láti àná wò. Mẹ́rin ni wọ́n, ẹnu wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan odò nìkan. Nígbà tí ọmọ náà béèrè ìdí tí wọn kò fi fi ìgèrè dí odò láti etí kan dé èkejì, bàbá bi í léèrè bóyá òun náà á fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti oko.

Ní agbedeméjì odò náà, kí ó tó dé Ọ̀pàrà, ibú kan wà lábẹ́ àpáta tí àwọn ará abúlé kò fún ní orúkọ mìíràn ju Ibú lọ. Ẹnikẹ́ni kì í pẹja nínú rẹ̀ títí baálẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú fún òjò. Ní ọjọ́ náà, tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n ń wọ inú omi pẹ̀lú àwọ̀n àti agbọ̀n. Ìpín baálẹ̀ a máa yọ, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yan ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń gbé lọ sí ààfin nígbà kan rí. Àwa tí a ń kọ̀wé nípa oyè fẹ́ràn adé, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìlù púpọ̀ jù. Fún ìyá kan tó ń gbé ní ọjọ́ kan ìrìn sí Ṣábẹ, agbọ̀n ẹja gbígbẹ yìí ni ìjọba Oníṣábẹ jẹ́: ó mọ̀ pé ẹnìkan wà tó lè sọ pé kí ó dúró, àti pé gbogbo ènìyàn ni yóò dúró pẹ̀lú rẹ̀. Òfin náà sì ní ìdí. Nígbà tí odò bá gbẹ, inú Ibú nìkan ni ẹja kù sí. Àwọn ló ń yé ẹyin nígbà tí òjò bá tún dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni nípa ẹja ní Abomey-Calavi yóò sọ ohun kan náà ní èdè Faransé, yóò sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Kí a má sì purọ́ mọ́ àwọn baba ńlá wa. Àwọn náà ń gún ewé ìgbẹ́ kan sínú omi tí ẹja fi ń pa bí ẹni mutí. Ṣùgbọ́n ibú tó ti dá dúró ní ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gún un sí, lójú gbogbo ènìyàn, ní ọjọ́ tí a dá.

Ó tó aago mẹ́wàá nígbà tí ọkọ̀ wọn yà sí Ibú. Imú bàbá ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó gbé àjẹ̀ sókè, ó ní kí ọmọ náà fa okùn ìwọ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Kò sí ẹyẹ kan tó ń ké. Àwọn ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ bo ojú omi, wọ́n funfun bí ìgbà tí ènìyàn da ìyẹ̀fun sí i. Ọ̀pọ̀lọ́ wà láàárín wọn, edé wà, ìgbín omi ti já kúrò lára òkúta. Àrọ̀ ńlá kan, bóyá èyí tó dàgbà jù nínú Ibú, gbé orí sókè, ó ń la ẹnu, ó ń yí po lójú kan, kò sì sá fún ọkọ̀. Ní etí omi, ipa ẹsẹ̀ ènìyàn wà lórí ẹrẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti wọ́ agbọ̀n. Ẹni tó wá ti kó àwọn tó tóbi lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìgò ike kan wà láàárín koríko. Oògùn kòkòrò òwú ni. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní àríwá Benin mọ ohun tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ní àsìkò òwú ọdún 1999 sí 2000, ní Borgou, endosulfan pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọdé wà nínú wọn, àwọn mìíràn nítorí oúnjẹ tó kàn án lásán. Òfin 2014-19, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2014 lórí ẹja pípa àti ẹja sísìn, kò fàyè gba kí a fi májèlé pẹja. Òfin náà dára. Ibi tí ó ń gbé jìn sí etí odò ni.

Ọmọ náà ló ti ẹsẹ̀ bọ omi mú ìgò náà. Nígbà tí ó yí i padà, ó rí àmì ọ̀dà pupa kan lábẹ́ rẹ̀, ìlà méjì tí wọ́n fi dábùú ara wọn. Bàbá rẹ̀ ló ń fi àmì yẹn sí ọkọ́, sí agolo, sí gbogbo ohun ìní rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò má baà ṣì í mú. Bàbá náà kò sì sí nílé láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó lọ síbi òkú àna rẹ̀ ní Tchaourou. Ọmọ náà ti ìgò sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Bàbá àgbà ń wo iwájú.

“Ta ló ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ lákòókò yìí?”

Ọmọ náà dá a lóhùn pé ìyá òun ni, àti àwọn ìyàwó ilé.

“Ọkọ̀ ò ní tètè débẹ̀. Gba inú oko. Bí o bá rí ẹnikẹ́ni tó gbé omi sórí, jẹ́ kí ó dà á nù kí o tó kí i.”

Ọmọ náà sáré. Ó bá obìnrin mẹ́rin létí odò, ìkòkò méjì sì ti lọ sílé. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà bú u ná nítorí pé kò kúnlẹ̀ ìkíni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ òpin ọ̀rọ̀, òun ló kọ́kọ́ sáré lọ sí ilé kejì. Kò sí ènìyàn tó kú. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà tó jẹ lára àwọn ẹja tó ṣàn wá sísàlẹ̀ kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹja tí bàbá àti ọmọ pa ní òkè odò mọ́ tónítóní, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fojú rí i, wọ́n sì sin ín pẹ̀lú àwọn pẹ́pẹ́yẹ.

Ní alẹ́, gbogbo ilé péjọ sí iwájú baálẹ̀. Bàbá ọmọ náà ti dé láti ìrìn àjò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Baálẹ̀ bi bàbá àgbà léèrè ohun tí ó rí.

“Kábíyèsí ò sí níhìn-ín, ìwọ lo dúró fún un, n kò sì ní purọ́ fún ọ,” ni bàbá wí. “Ojú mi kò ríran mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ bi ẹni tó jókòó síwájú ọkọ̀.”

Àwọn kan rò pé ńṣe ni ó yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè dárúkọ àmì náà fúnra rẹ̀, ẹjọ́ náà ìbá sì di ti àgbàlagbà tó fi ọmọ ọmọ rẹ̀ kan sùn; ó lè dákẹ́, ìgò náà ìbá sì jẹrà nínú ọkọ̀. Ohun tó yàn ṣòro ju méjèèjì lọ fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọmọ náà dìde, ó jáde. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tí ó wọlé padà, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ̀ we ìgò náà, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú baálẹ̀ pẹ̀lú àmì pupa lójú òkè. Kò wo ẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ló yíjú wo ibi tí ọmọ rẹ̀ àgbà dúró sí.

Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn jàńdáámù. Baálẹ̀ ní òun yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ààfin àti sí ilé iṣẹ́ kọ́múùnù, nítorí omi náà kì í dúró ní abúlé kan. Ó dájọ́ pé títí òjò tó ń bọ̀ yóò fi fọ odò, ẹ̀gbọ́n náà ni yóò máa fi kẹ̀kẹ́ pọn omi láti ẹ̀rọ tó wà ní abúlé kejì wá fún gbogbo ilé tó ń mu odò náà; bàbá rẹ̀ ni yóò ra àwọn kẹ́ẹ̀gì. A kò ní wọ Ibú fún ọdún méjì. Àwọn tó sọ pé ìdájọ́ náà rọ̀ jù kò tíì gbé kẹ́ẹ̀gì omi gba ọ̀nà yẹn nínú ọyẹ́, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, lójú àwọn tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di oṣù kẹrin.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé e, ojú kejì bàbá àgbà náà ti ń ṣú. Ọmọ náà ló jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀, bàbá wà níwájú. Ẹ̀gbọ́n wá síbẹ̀ láàárọ̀, ó bá wọn ti ọkọ̀ sómi, ó padà lọ sí oko láìsọ ohun púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ibú, wọ́n fa ìwọ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n jẹ́ kí omi gbé wọn kọjá jẹ́jẹ́ ní etí kejì, níbi tí kò ti jìn.

“Ṣé ẹja wà níbẹ̀?” ni bàbá béèrè.

Ọmọ náà ní ẹpìyà kéékèèké wà lórí yanrìn.

“Kà wọ́n fún mi.”

Ó kà wọ́n. Mọ́kànlá ni, bóyá méjìlá. Ọ̀kan nínú wọn kò dúró lójú kan.