Atẹ́gùn Kọ́ Ni

Ìyàwó mi jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ni a wà. Bí eré ọkọ̀ ti kọjá kìlómítà 90 ní wákàtí kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, fì sósì bí ọ̀mùtí. Bí mo bá yí sítíárìn, ọkọ̀ kì í tètè dáhùn. Mo ní atẹ́gùn ni.

“Bàbá Tóyìn, ṣé ọkọ̀ tiwa nìkan ni atẹ́gùn ń fẹ́ ni?”

Mo dín eré kù, a sì rọra dé ilé.

Mẹkáníìkì kò kọ́kọ́ tú ohunkóhun. Ó wọn atẹ́gùn inú táyà, ó pé. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín, kò yẹ̀. Ó dì í mú níwájú àti lẹ́yìn, ó mì ín. Ó yẹ̀, ó sì dún kọ̀kọ̀.

“Tíṣà, táì-ròòdù, irin tó so sítíárìn mọ́ táyà, ti jẹ. Ṣé kì í dún bí ẹ bá bọ́ sí kòtò ni?”

Ó ń dún. Ó tó oṣù kan tí mo ti ń fi rédíò bo ohùn rẹ̀. Eré kọ́ ló dá àbùkù náà sílẹ̀. Eré kàn tú àṣírí rẹ̀ ni. Mẹkáníìkì pààrọ̀ irin náà, ó sì ní kí n lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, kí àwọn táyà lè kọjú síbi kan náà.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, èmi tí mo máa ń ní kí ẹ wá ìdí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó dájọ́, atẹ́gùn ni mo dá lẹ́bi.