Ohùn Tí Ẹ̀rọ Ń Gbà Sílẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ní ayé òde òní, ọ̀rọ̀ lè bọ́ lẹ́nu ẹni kó má fọ́. Ẹlòmíràn yóò ṣà á ní odidi, yóò sì fi pamọ́. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé títo tẹlifóònù ọ́fíìsì kọjá iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ èdè àti ìwà ọmọlúàbí wà níbẹ̀.

Nígbà tí a ń to irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Igbókọ̀dá, ètò títẹ nọ́ńbà ni a kọ́kọ́ ṣe. Nọ́ńbà kúkúrú, bíi 101 àti 102, tó fún ìpè láti yàrá kan sí èkejì. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà jẹ́ ẹyọ 11, 0 ló sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fi 234 síwájú, ipò 0 yẹn ló gbà. A kò gbọdọ̀ kó méjèèjì pọ̀. A ti ọ̀nà ìpè sí òkèèrè pa nítorí owó, ṣùgbọ́n a fi 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, sílẹ̀ lórí gbogbo fóònù.

Gbígba ohùn sílẹ̀ ló fa àríyànjiyàn. Àwọn kan ní kí a ṣe é láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó bá sẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ẹ wo òbí kan tó pè láti Ayétòrò, níbi tí òkun ti ń gba ilẹ̀ àti ilé mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ó fẹ́ ṣàlàyé ohun tó dé bá ilé rẹ̀ tí owó ọmọ fi pẹ́. Ó rò pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló ń gbọ́ òun. Bí a bá gbà á sílẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, a ti jí àṣírí rẹ̀ kó. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dárúkọ ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù mọ́ ohun tí àṣírí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú.

Nítorí náà, a fẹnu kò pé ẹ̀rọ yóò kéde kó tó gba ohùn. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìkéde náà. Gbólóhùn kan ti wà nílẹ̀: “A ń gba ìpè yìí fún ìdí dídára.” Ta ni yóò gbọ́ èyí tí yóò yé? Ohun tí mo kọ nìyí: “Ẹ kú ìpè o. A fẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀, kí a lè rántí ohun tí a jọ sọ. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ tẹ 2.” “Ẹ” ni mo lò, n kò lo “o”, nítorí ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó pè, ó sàn kó bọ̀wọ̀ fún ọmọdé ju kó rí àgbà fín lọ.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ̀rọ yóò pa ohùn náà rẹ́. Ọ̀gá nìkan ló ní àṣẹ láti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá bá yín sọ Yorùbá, ẹ yẹ gbólóhùn rẹ̀ wò. Àṣẹ tí a gbà lédè tí kò yé ẹni tó fún wa kì í ṣe àṣẹ.