Àgbá Tó Kún Kì Í Dún

Ìyá mi kì í ṣí àgbá kí wọ́n tó mọ ibi tí epo dé nínú rẹ̀. Ìka ni wọ́n fi ń kàn án. Láàárọ̀, kí oníbàárà tó dé ìsọ̀ wọn ní ọjà Bódìjà, wọ́n á kan àgbá láti òkè wá sísàlẹ̀: kọ́ọ̀n, kọ́ọ̀n, kọ́ọ̀n. Tó bá yá, á di kì, kì, bí ẹni ń lu ògiri. Ibẹ̀ ni epo dé. Mi ò rí i kí wọ́n ṣì í rí.

Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn, a ní òtútù ni. Bí wọ́n bá fẹ́ sín, wọ́n á ti fọwọ́ di ìhà mú. Bí wọ́n bá mí kanlẹ̀, ojú wọn á fà ro. A fi róòbù pa á, a se àgbo, a ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, gígún náà lọ. Inú mi dùn, mo ra adìẹ.

Ṣùgbọ́n ara kò yá. Ibà ń dé lálaalẹ́, òógùn ń rin aṣọ wọn gbindin, wọ́n sì ń rù. Àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ti ń gùn láti ọdún pípẹ́ wá di òkè. Wọ́n ní, "Ọjọ́ ogbó ló dé." Èmi náà gbà, nítorí kò sí ohun tó ń dùn wọ́n mọ́.

Ní ọsibítù, dókítà kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí tẹ́ ọwọ́ òsì lé wọn lẹ́yìn, ó sì fi ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún kan ọwọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe dé ìdajì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, dídún náà yí padà: kì, kì. Kó tó lanu, Ìyá mi ti bojú wẹ̀yìn:

"Dókítà, ẹ má wulẹ̀ fi pamọ́. Àgbá mi ti kún."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáwọ́ dúró, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín?"

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà nípa Leopold Auenbrugger, dókítà tó kọ ìwé kékeré kan nípa àyà kíkàn ní Vienna lọ́dún 1761. Bàbá rẹ̀ ní ilé èrò àti ilé ọtí ní ìlú Graz. Àwọn oníṣègùn máa ń pìtàn pé ibi tí wọ́n ti ń kan àgbá ọtí níbẹ̀ ni ọmọ ti kọ́ ọgbọ́n náà. Ó tilẹ̀ rọ omi sínú àyà òkú kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí. Ó di 1808 kí Corvisart, dókítà Napoleon, tó tú ìwé náà sí èdè Faransé. Lọ́dún kejì, Auenbrugger kú. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn elépo ló gbé e lọ, ì bá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà ṣàlàyé fún wa. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan wé mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, èkejì lẹ̀ mọ́ inú egungun ìhà. Omi tó wà láàárín wọn kò ju nǹkan bíi ṣíbí tíì méjì lọ lápá kan, kí wọ́n lè máa yọ̀ lára ara wọn bí a ti ń mí. Bí àìsàn bá mú awọ náà, á le, á máa ha èkejì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá mí. Òun ni gígún yẹn. Bí omi bá wá ń pọ̀ sí i, á ti awọ méjèèjì kúrò lára ara wọn. Wọn ò ní fara kanra mọ́, ìrora á sì lọ.

Àṣé ọjọ́ tí mo ra adìẹ, omi ló ń wọlé.

Àwọn dókítà gba àárín egungun ìhà Ìyá mi fi abẹ́rẹ́ fa lítà kan àbọ̀, omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Wọ́n dúró níbẹ̀, nítorí bí ẹ̀dọ̀fóró tí omi ti tẹ̀ rì bá yára ṣí jù, òun fúnra rẹ̀ lè wú. Lóru ọjọ́ náà, gígún padà dé. Mo sáré lọ bá dókítà tìbínú-tìbínú. Ó rẹ́rìn-ín: awọ méjèèjì ti tún pàdé ni.

Ọkàn tó rẹ̀, àìsàn kíndìnrín, òtútù àyà àti jẹjẹrẹ, gbogbo wọn ló lè da omi síbẹ̀. Nítorí náà, fífà nìkan kò tó, a gbọ́dọ̀ bi omi náà léèrè ibi tó ti wá. Ti Ìyá mi wá láti ara ikọ́ ife. Wọn kò tutọ́ ẹ̀jẹ̀ rí, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn kò sì fi nǹkan kan hàn. Inú awọ yẹn ni kòkòrò náà fi ṣelé. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ orúkọ àìsàn náà lọ́jà. A yẹ gbogbo ará ilé wò. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi lo oògùn, ọ̀fẹ́ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ìtọ̀ wọn pọ́n bí osàn, wọ́n ké pè mí. Oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní àgbá òfìfo ní ń pariwo, a sì máa ń yin èyí tó kún tó dákẹ́. Èmi ti ń fura sí ìdákẹ́jẹ́ báyìí. Bí mo bá bi Ìyá mi pé ṣé ara le, tí wọ́n ní kò sóhun tó ń dun àwọn, mo máa ń dúró kí wọ́n gun àtẹ̀gùn tán.

Lọ́jọ́ tí oògùn tán, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. "Kàn án wò." Mo kàn án láti èjìká dé ìsàlẹ̀ ìhà. Kọ́ọ̀n ni dé ìsàlẹ̀.

"Ó ti ṣófo," ni Ìyá mi wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí elépo tó ń yọ̀ pé àgbá òun ṣófo rí, àfi lọ́jọ́ náà.