Nọ́ńbà Mẹ́fà Tí A Kò Gbọdọ̀ Kà Sétí Àlejò

Ẹ̀yin abiyamọ ẹgbẹ́ mi, ìyá wo ni yóò ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lálẹ́, tí yóò sì na kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé sí ẹni tí kò mọ̀ rí? Ọ̀rọ̀ àkáǹtì tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣí fún àwọn ọmọ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ àṣetiléwá wọn wà, níbẹ̀ ni olùkọ́ ti ń kọ̀wé sí wọn, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ wọn wà.

Tẹ́lẹ̀ rí, password nìkan ni a fi ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé a máa sọ password fún ọ̀rẹ́, olè a sì máa jí i. Ní oṣù December 2024, àwọn ọ̀daràn fi password tí wọ́n jí wọ inú ẹ̀rọ PowerSchool, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ni wọ́n kó lọ.

Irú nǹkan báyìí ni ó mú kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa fi àgádágodo kejì kún ti àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá ti tẹ password rẹ̀ tán, a óò tún béèrè nọ́ńbà mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù òbí rẹ̀. Olè tí ó mọ password, ṣùgbọ́n tí fóònù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dúró síta.

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé rò pé iṣẹ́ parí síbẹ̀. Rárá o. Bí olè bá rí i pé àgádágodo kejì dí òun lọ́nà, ìyá ọmọ ni yóò wá bá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nọ́ńbà mẹ́fà dé sórí fóònù mi, bẹ́ẹ̀ ọmọ mi kò sí nídìí àkáǹtì rẹ̀. Kò pẹ́ ni ọkùnrin kan tẹ̀ mí láago. Ó ní olùkọ́ ọmọ mi ni òun, ó pe orúkọ rẹ̀ láìṣì, ó sì ní kí n ka nọ́ńbà náà fún òun kíákíá, kí wọ́n má baà yọ ọmọ kúrò nínú ìdánwò. Mo ní kí ó má bínú, pé èmi fúnra mi yóò mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí ó fi pa fóònù. Ó hàn gbangba pé password ọmọ ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn. A pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nítorí náà, ẹ pe gbogbo ará ilé jọ: baálé, ìyá àgbà, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń bá yín gbé fóònù. Ẹ sọ fún wọn pé olùkọ́ tòótọ́ kò ní béèrè nọ́ńbà náà lórí fóònù láé. Bí ó bá jẹ́ àkáǹtì Google ni, ẹ lè gba nọ́ńbà 10 tí ó wà fún ọjọ́ tí fóònù bá sọnù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ sì fi wọ́n síbi tí ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ wà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.